Èjìká Kan Síwájú

Ní Kakheti, lábẹ́ òkè tí yìnyín kì í kúrò lórí rẹ̀,
Mzevinar ayàwòrán-ilé tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí tábìlì.
Ó ní: a ó wó ògiri àríwá, gíláàsì ni yóò rọ́pò rẹ̀,
kí àlejò jókòó, kí ó máa wo oko àjàrà
bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n.
Ó ní: a ó fi gíláàsì bo ilẹ̀ pẹ̀lú,
kí iná búlúù máa tàn láti ìsàlẹ̀,
kí ẹsẹ̀ àlejò máa rìn lórí ẹnu ìkòkò.

Ìkòkò mọ́kàndínlógún ló wà níbẹ̀,
wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀ dé ọrùn,
ẹnu wọn nìkan ló yọ, bí ẹnu ọmọ tí a ń wẹ̀.
Ohun tí wọ́n bá dà sínú wọn, òkùnkùn ló ń sè é.

Nugzar onílé mi orí. Ó ti jẹ báńkì lówó,
bọ́ọ̀sì àlejò yóò dé ní oṣù kẹwàá.
Tsiala ni kò mi orí,
Tsiala opó, tó ti ń fọ ìkòkò láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
nígbà tó jẹ́ pé èjìká tirẹ̀ nìkan ló gba ẹnu wọn kọjá.
Ó gbé ìfọ̀kòkò rẹ̀ kalẹ̀, èyí tí wọ́n fi èèpo igi ṣẹ́rì hun.
Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó lọ gbé àkàbà wá.
"Wọlé."

Mzevinar bọ́ bàtà. Ó bọ́ aago.
Ó ti èjìká kan síwájú, ó fa ìkejì tẹ̀ lé e
bí ẹni ń wọ ẹ̀wù tí kò bá a mu mọ́,
ó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú òórùn ìda àti amọ̀.

Inú ibẹ̀ tutù. Inú ibẹ̀ rí roboto.
Kò sí igun kankan tí ojú lè sá pamọ́ sí.
Ó ní, "Tsiala," jẹ́jẹ́,
ìkòkò sì dá orúkọ náà padà, ó tóbi, ó rọ̀,
àfi bí ẹni pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń pe ẹnì kan wálé.
Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ bí ohùn ṣe ń rìn nínú yàrá;
kò sí olùkọ́ tó sọ èyí fún un.

Nígbà tó jáde, amọ̀ lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀.
Ó pa ilẹ̀ gíláàsì rẹ́. Ó pa iná búlúù rẹ́.
Sípíkà mẹ́jọ tó yẹ kó máa kọrin fún àlejò, ó pa wọ́n rẹ́.
Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i;
èyí tí a kò jó ńkọ́, tí ìréésà nìkan bá jà?
Fèrèsé kan ló kù, tóóró,
níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ yóò ti yọjú wọlé
bí aládùúgbò tó wá tọrọ iyọ̀.
Ọpọ́n ìtẹ̀jàrà àtijọ́, odidi igi tí wọ́n gbẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi,
wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó di ìjókòó.

"Gíláàsì tí mo ti sanwó rẹ̀ ńkọ́?" Nugzar ló bèèrè, ẹ̀ẹ̀mẹta.
Òun ni Tsiala fi ń gbin tòmátò báyìí.

Ó wá ku ilẹ̀kùn.
Mzevinar mú okùn, ó wọn èjìká opó náà,
ó ní kí káfíńtà má fi ìka kan lé e.

Ní oṣù kẹwàá, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan láti Póláǹdì
ń bọ̀, fóònù létí, ariwo lẹ́nu.
Ó kọlu férémù. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó fi fóònù sápò,
ó ti èjìká kan síwájú.
"Wáìnì dà?" ló wí.
Tsiala fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ tọ́ka sí ìsàlẹ̀.

Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀,
ó tẹ́tí.
Ohun kan ń hó.